Saworoidẹ, fíìmù tó ń ba ìlà irun jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi

Iṣẹ́ irun dídì ni mo ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn níbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù kan dùn tàbí kò dùn, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní ọ̀sán Sátidé. Orí oníbàárà ni èmi fi ń mọ̀ ọ́n. Bí eré bá tutù, orí á dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹni tó ni ín á máa tẹ fóònù rẹ̀, èmi náà á sì la irun láti iwájú dé ìpàkọ́ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí eré bá wọni lára, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹrí ba, ìpàkọ́ ni mo fẹ́ mú." Wọ́n á tẹrí ba. Kí n tó dì í dé ìdajì, orí ti tún gòkè, ìlà tó yẹ kó lọ tààrà ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí. Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti fi sórí tẹlifíṣọ̀n mi, Saworoidẹ ló ba ìlà jẹ́ jù.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe tuntun. 1999 ló jáde. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Mainframe, ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ló sì gbé e jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ó Le Kú, ló kọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ló ti wò ó ní kékeré, lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí ẹ yá lọ́wọ́ ará àdúgbò, tí ẹ ò sì dá a padà. Kí ló wá dé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí? Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni. Wọn ò tíì dáyé nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbófo: fíìmù àtijọ́ ò dùn, ó ń falẹ̀, àwòrán rẹ̀ ò mọ́. Mo ní ó dáa. Mo dúró di ọjọ́ tí èrò pọ̀, mo fi í sí i. Èyí tó pariwo jù nínú wọn ló kọ́kọ́ gbàgbé omi gbígbóná tí a fẹ́ fi rẹ ìdí irun sórí iná, títí omi fi gbẹ tán nínú ìkòkò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé kí ló wà nínú ìtàn kan tó fi ń mú èèyàn, tí òmíràn á kàn máa kọjá lọ lójú wa. Mo ti rí ohun kan tí mo gbà pé òun ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn fíìmù náà díẹ̀. N kò ní sọ ìparí rẹ̀.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Jogbo. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àdéhùn ti wà láàárín ìlú àti ọba. Ẹni tó bá fẹ́ jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe orò, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ fún un, á sì di ẹni tí kò lè kó ìlú jẹ. Ìlù kan wà tí wọ́n so saworo idẹ mọ́ létí. Adé kan wà, idẹ ni òun náà. Ìlù àti adé ti jọ mulẹ̀. Bí ẹni tí kò ṣe orò bá gbé adé náà lé orí, tí àyàn tó ni ìlù bá sì lù ú sí i létí, ó parí fún onítọ̀hún nìyẹn, ẹ̀fọ́rí tí kò lóògùn ni. Lapite, tí oyè kàn, mọ gbogbo èyí bí ẹní mowó. Ó kọ̀ jálẹ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Owó ló fẹ́ ní, ó sì fẹ́ adé pẹ̀lú rẹ̀.

Ó tán. Bí fíìmù náà bá dúró síbẹ̀, bí iná bá lọ títí di ọjọ́ kejì, ẹ ò ní lè sùn dáadáa. Torí láti ibẹ̀ ni ìtàn náà ti jẹ wá ní gbèsè. Wọ́n ti sọ ohun tí ìlù lè ṣe fún wa. Wọ́n ti fi ọba tí kò gba gbẹ́rẹ́ hàn wá. Ìlù ọ̀hún kò sì sí lọ́wọ́ ọba. Ẹnìkan máa san gbèsè yìí, ọjọ́ tó máa san án nìkan la ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí Lapite bá ti gbé adé lórí ni etí ẹni tó ń wò ó máa ń là sílẹ̀. Kódà, ìlù ayẹyẹ lásán, ìlù tí kò kan ọba rárá, oníbàárà mi kan á di apá àga mú, á ní, "Ṣé òun nìyẹn? Ṣé òun nìyẹn?" Màmá, kì í ṣe òun o, ẹ jẹ́ kí n dì yín lórí.

Ohun tí mo rí nìyí: ìtàn tó dùn kì í fi ohun gbogbo pa mọ́ fún wa. Ó máa ń sọ èyí tó le jù níbẹ̀rẹ̀, á wá jẹ́ ká máa dúró de ọjọ́ ìsanwó.

Kì í sì í ṣe Kèlání àti Ìṣọ̀lá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tí kò rọ́mọ bí. Babaláwo se àsèjẹ, ó ní Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́, Ìjàpá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Kò sí ọmọ tó gbọ́ "kò gbọdọ̀" yẹn tí kò mọ̀ pé Ìjàpá máa fẹnu kàn án. A mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣẹlẹ̀. A ti gbọ́ àlọ́ náà lánàá, a gbọ́ ọ níjẹta. Síbẹ̀, ìgbà tí ìyá àgbà bá dé ibi tí Ìjàpá ti gbé ìṣasùn lé ọwọ́, tí òórùn ọbẹ̀ ń gòkè bọ̀, tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, gbogbo wa lórí ẹní á ti máa sún mọ́ wọn. Ìgbà tí ikùn bá sì wú tán, tí Ìjàpá ń padà lọ bẹ babaláwo, orin á dé, àwa tí a ń gbọ́ ni a máa gbe é: Alugbinrin. Ìtàn tí ẹ bá ti bá wọn kọrin nínú rẹ̀, ẹ ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, kò sí ibi tí ẹ ń lọ mọ́. Saworoidẹ mọ èyí. Orin àti ìlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìlù kúrò nínú fíìmù náà, kò sí ìtàn.

Nǹkan kan náà ló wà nínú ìtàn tí àwọn oníbàárà ń sọ lórí àga mi. Àwọn méjì kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Olè wọ ilé ti àkọ́kọ́ lóru. Ìtàn olè lóru! Ó yẹ kí gbogbo wa dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó ló ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o, wọ́n wá ká wa mọ́lé, wọn ò rí nǹkan kan mú, wọ́n tiẹ̀ ti mú wọn." A ní ẹ kú oríire, ẹ kú ewu. A sì padà sórí ọ̀rọ̀ owó àtáṣímẹ́ǹtì tó tún ti lọ sókè. Ó ń sọ ìyókù lọ, bí wọ́n ṣe já fèrèsé, bí ọkọ rẹ̀ ṣe sá wọ ilé ìwẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ti san gbèsè kí ó tó jẹ ẹ́.

Aránṣọ ni ìkejì. Ó ń ti Èkó bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Bẹ́gà. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú agbọ̀n tó fi àǹkárá bò. Kọ̀ńdọ̀ ní kó gbé e sí búùtù, ó ní láéláé. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, obìnrin yìí yọ owó, ó san owó ìjókòó fún agbọ̀n. Ẹ gbọ́ o, ó sanwó fún agbọ̀n! Ní báyìí, aránṣọ yìí kò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n dé Ìbàfò, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn, obìnrin náà tẹ̀ mọ́ agbọ̀n, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ṣágámù, aṣọ orí agbọ̀n mì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsiprẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù aránṣọ yìí ti dún. Ó gbé e! Ó ń bá oníbàárà tirẹ̀ sọ̀rọ̀ bùbá, ó ń sọ pé ọ̀la ló máa délẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń wò ó. Ẹni tí irun kàn kò jókòó sórí àga. Ọmọ tó ń ta omi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹrù lórí. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó kọ́kọ́ tún wíìgì tó gbé sórí itan ṣe, kí ó tó wá sọ pé adìẹ ni. Adìẹ tó ń sàba. Wọ́n lé obìnrin náà jáde nílé tó ń gbé, ẹyin sì ti fẹ́ pa; bí wọ́n bá gbé e sí búùtù, ooru á pa adìẹ, ẹyin á bàjẹ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tu adìẹ nínú ni kí ó má dìde lórí ẹyin.

Olè kò sí níbẹ̀, ikú kò sí níbẹ̀, adìẹ lásán ni. Títí di òní, ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ṣì máa ń bi mí bóyá ẹyin náà pa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Èyí ló mú kí n máa ṣàríwísí àwọn fíìmù tó ń tú jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, tí dátà mi ń bá lọ. Mo ń wò wọ́n o, n kò ní purọ́, mo ti rí àwọn tó dáa níbẹ̀, tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn, ìgbájú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tí a kò mọ̀ gbá ẹni tí a kò mọ̀ lójú, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ló kàn wá? Lẹ́yìn náà ọ̀dọ́mọbìnrin á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ńlá, kámẹ́rà á wo bàtà rẹ̀, á wo báàgì rẹ̀, á wo irun rẹ̀ (èmi náà máa ń wo irun yẹn, iṣẹ́ ni). Ó ku díẹ̀ kó parí ni wọ́n á wá sọ fún wa pé ìbejì ni ọ̀gá, pé èkejì rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi á pariwo "Hẹ̀ẹ́n!" lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹni tí kò jẹ mí lówó tó kàn já wọlé tó fún mi lówó, inú mi lè dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò bá a jókòó dè é láti àárọ̀. Irun kì í wọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń wo irú wọn. Mo máa ń tètè parí iṣẹ́. Ó sàn fún òwò mi, kí n sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jogbo, torí gbèsè nìkan kò tó. Bí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá jọ èèyàn lójú wa, a ò ní bìkítà bóyá ó san án. Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe Lapite. Kò ṣe é bí ìkà inú eré, èyí tí ń fi gbogbo ìgbà dijú mágo. Ó ṣe é bí ẹni tó gbà gbọ́ pé ohun tó tọ́ sí òun lòun ń gbà. Ìgbà míì ẹ̀rín rẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á wá rántí ohun tó ń fi ìlú ṣe, ojú á ti yín díẹ̀. Bukky Wright ṣe Tinúọlá, obìnrin tó mọ bí wọ́n ti ń rìn láàfin. Kábírà Káfídípẹ̀ jẹ́ Araparegangan níbẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn oníbàárà mi tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ kò pọ̀. Kúnlé Afọ́láyan, ọmọ Adé Love, tí òun fúnra rẹ̀ wá di ọ̀gá nínú fíìmù ṣíṣe lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà náà, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń dákẹ́ fún ni Baba Òpálábà. Adébáyọ̀ Fálétí ni. Bàbá yìí á jókòó bí arúgbó tí kò mọ ohun tó ń lọ, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣeré, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Àwọn ìjòyè rò pé ó ń ṣàwàdà. Àwa tí a ti gbọ́ nípa ìlù mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ìdí tó fi ń mú wa nìyẹn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, etí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbọ́ ọ, àwa ni a wà ní ẹ̀gbẹ́ bàbá. Fálétí kò sì kọ́ ohùn yẹn ní ọjọ́ kan. Akéwì ni, òun ló kọ Baṣọ̀run Gáà, ó sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1959 ní Ìbàdàn tiwa níbí, ní Agodi tí kò jìnnà sí wa. Bí ó bá fa gbólóhùn kan, ó mọ ibi tó máa já a sí. Mo ti rí oníbàárà tó ń jẹ ẹ̀pà tó dáwọ́ ẹnu dúró torí kí ariwo ẹ̀pà má bo ohùn bàbá. Ó ti kú ní 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018. Ẹ fi í sí i kí àwọn ọmọ yín gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá tí kò yára tí kò sì falẹ̀.

Ohun míì tó wà níbẹ̀ ni pé fíìmù náà ní ohun tó fẹ́ sọ, kò sì sọ ọ́. Àwọn agégẹdú wọ ìgbó Jogbo, wọ́n ń gé igi lọ, àgbẹ̀ ń sunkún, ọba àti ìjòyè ń gba tiwọn lábẹ́ tábìlì. Ṣọ́jà náà wá dá sí i, Lagata, Kúnlé Bámtẹ̀fà ló ṣe é. Ẹ rántí ọdún tó jáde. Ọdún 1998 ni Abacha kú, 29 oṣù karùn-ún 1999 ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó ń wò ó nígbà náà kò nílò ògbufọ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹni tó ń wò ó lónìí, tí kò mọ Abacha rí, kò nílò ògbufọ̀ náà. Oníkálukú ní Lapite tirẹ̀. Oníbàárà mi kan búra pé alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò àwọn ni, pé owó tiransifọ́mà tí wọ́n dá ló ń gé gẹdú. Bí fíìmù náà bá ti na ìka sí ẹnìkan, tó ní "ẹni báyìí ni mò ń bá wí," ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Ìlú Jogbo ló dúró sí, ó ń sọ ìtàn Jogbo lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa fi ọwọ́ ara yín na ìka.

Mo ti yìn ín tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti ìsinsìnyí, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi jàre níbẹ̀. Kèlání kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà dáadáa, títí dé ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ó ṣe to ènìyàn sójú àwòrán láàfin sì hàn pé ó mọṣẹ́. Àmọ́ fídíò ayé ìgbà yẹn ni, bí tẹlifíṣọ̀n yín bá tóbi jù, ojú á máa dùn yín. Ìpàdé àwọn ìjòyè pọ̀ lágbedeméjì. Wọ́n jókòó, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Apá ibẹ̀ ni mo fi ń mú ìpàkọ́, torí orí máa ń wálẹ̀. Ohùn orin pẹ̀lú máa ń ga ju ohùn ẹnu lọ nígbà míì. Ẹ mú rìmóòtù sítòsí.

Èdè ìlù náà tún wà. Ìyá àgbà kan wà tí mo máa ń fi òwú kó irun fún (màmá kì í dì, wọ́n ní dídì ń fa awọ orí), àwọn ló ń túmọ̀ fún wa. Ìlù bá sọ̀rọ̀, màmá á rẹ́rìn-ín nìkan, àwa á ní, "Kí ló wí, màmá?" Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ìró lásán ló ń bá wọn létí. Kì í ṣe ẹ̀bi fíìmù náà, ṣùgbọ́n ìdajì adùn ni ẹni tí kò gbọ́ ìlù máa rí gbà. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé, ẹ jọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan péré kù nípa bó ṣe ń mú èèyàn. Ọjọ́ kan, ó ku díẹ̀ kó parí, wọ́n mú iná lọ. Epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Mo rò pé oníkálukú á máa lọ ilé rẹ̀. Obìnrin kan tí mo ti dì lórí tán, tó ti sanwó, tó ti gbé báàgì kọ́ apá, ló yọ owó fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ ra epo. Òun kọ́ ló ni jẹnẹrétọ̀, òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kò sì jókòó; ó dúró títí ọmọ fi dé, títí jẹnẹrétọ̀ fi dún, títí fíìmù fi parí. Ó wá ní, "Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn." Ẹ ò rí i bí? Ó mọ̀ ọ́n, ó sì sanwó epo.

Àwọn tó bá fẹ́ fi í sí ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ó sùn síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ìyàwó tuntun lórí àga ló dáa. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ra ojúlówó rẹ̀. Ohun tí àwọn ayédèrú ń fi ọ̀nà èrú dà kọ kì í ní ohùn tó já gaara, ìlù sì ni gbogbo fíìmù yìí. Àwọn ọmọdé lè wò ó, ìbẹ̀rù díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ìṣekúṣe.

Àtẹ̀lé rẹ̀ wà, Agogo Èèwọ̀, 2002 ni. Déjúmọ̀ Lewis ló jọba Jogbo níbẹ̀, ọba tó fẹ́ tún ìlú ṣe, tí àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju bó ṣe ń jẹ wá ní gbèsè lọ. Orí kì í gbé púpọ̀. Bí ẹ bá ti wo ti àkọ́kọ́, ẹ wò ó nítorí Jogbo.

Ní ti èmi, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ló kàn lórí tẹlifíṣọ̀n mi. Kèlání náà ló ṣe é, 1993 lòun jáde. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó gbàgbé omi sórí iná ti ní ìyẹn ti gbó jù, pé òun kò ní wò ó. Mo ti ní kó gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí n tó tẹ̀ ẹ́.